Láti Àjàṣẹ́ sí Makoko: ìrìn-àjò míṣọ̀n tó dá ẹnu àdúrà padà fún mi

TỌ́SÌDEÈ

Ìdájí la kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), bọ́ọ̀sì kékeré kan, ẹrù kún un débi pé orí páálí oògùn lẹsẹ̀ wa wà. A kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, a kó gíláàsì ojú tí àwọn ará ìjọ dá jọ, a kó Bíbélì èdè Ògù (Ẹ̀gùn) tí màmá kan nínú ìjọ wa fi owó òwò rẹ̀ rà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wá, ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ á mọ̀ pé a ń ṣe ìsìn Yorùbá, a ń ṣe ti Ògù náà. Bàbá mi Yorùbá, màmá mi Ògù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi. Àwọn ará ìjọ kan ní Yábàá ló pè wá, wọ́n ti ń lọ sí Makoko, àdúgbò àwọn apẹja lórí omi ní Èkó, tipẹ́, wọ́n ní dọ́kítà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, àmọ́ àwọn ìyá àgbà tó wà lórí omi yẹn, bí wọ́n tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá, Ògù ni wọ́n fi ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí. Àbúrò mi obìnrin kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, a gbààwẹ̀, a ṣe fíjìlì, gbogbo ìjọ ló dúró pẹ̀lú wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó wo BP rẹ̀ títí gìrì fi mú un. Àtìgbà yẹn mi ò lè gbàdúrà mọ́. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, mo ń kọrin nínú kúáyà, tí wọ́n bá ní ká ṣe àmín mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá ku èmi nìkan nínú yàrá, tí mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Pásítọ̀ wa mọ̀. Òun ló ní kí n bá wọn lọ bẹ́ẹ̀, ó ní ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò wá oníwàásù.

Ní Kraké a ṣẹ́ńjì séfà sí náírà, a kọjá Sèmè, lẹ́yìn ìyẹn ó di ká dúró ká tún dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ. A yà ní Àgbádárìgì torí Pásítọ̀ ní ẹni tó bá ń lọ fún iṣẹ́ Ọlọ́run ní Èkó kò gbọdọ̀ kọjá igi Àgíyà láì dúró. Igi náà ti wó ní 1959, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Abẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa, bàbá rẹ̀ èèyàn dúdú, ìyá rẹ̀ òyìnbó. Kò jìnnà síbẹ̀ tá a fi dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845.

Ohun tó dúró sí mi lọ́kàn níbẹ̀ ni omi tó wà níwájú ilé yẹn. Ó wá láti ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, ó gba Àgbádárìgì kọjá, ó ń lọ sí Èkó. Orí omi yìí ni àwọn baba àwọn tá à ń lọ bá ní Makoko gbà wá, wọ́n ń tẹ̀lé ẹja. Kò tíì sí bọ́dà nígbà yẹn. Èmi tí mo mú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ láti àárọ̀ bí ẹni ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn màmá mi ni mò ń lọ.

Go-slow mú wa láti Agbára títí dé Mile 2, ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Yábàá. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá fún wa, a sùn sórí ẹní nínú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì.

FÚRÁÌDEÈ

Láti Yábàá sí Makoko kò jìnnà rárá. O máa gba ojú títì tí wọ́n ti ń ta ẹja, ó di etí omi, ilẹ̀ tán. Látibẹ̀ lọ ọkọ̀ ni. Àwọn ilé dúró lórí òpó igi nínú omi, pákó lára, páànù lórí, àwọn ọmọdé ń fúnra wọn tu ọkọ̀ lọ síléèwé, obìnrin kan ń ta ìrẹsì gbígbóná nínú ọkọ̀ tiẹ̀, òmíràn to kẹ́ẹ̀gì omi mímu kún inú tiẹ̀, torí omi tó yí wọn ká kò ṣeé mu. Third Mainland Bridge tí wọ́n parí ní 1990 nà lọ gbọọrọ níwájú, àwọn tó ń sáré lórí rẹ̀ ń rí èéfín Makoko lójoojúmọ́ ayé. Èéfín ẹja yíyan ni.

A kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀. Bàbá béèrè ilé tí mo ti wá, mo sọ orúkọ ìlú màmá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ọmọ wa ni," ó gbàdúrà fún gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni tó gbàdúrà fún un.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì pákó kan la to bẹ́ǹṣì sí. Nọ́ọ̀sì á gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike tẹ́ẹ̀sì ibà, á ní kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú 15, tí ilà méjì bá jáde ibà ti wà lára nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣàlàyé pé ọjọ́ 3 ni oògùn yẹn, àárọ̀ àti alẹ́, kí wọ́n fi oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ lò ó, pé kí wọ́n má ṣe dá a dúró lọ́jọ́ kejì torí pé ara ti balẹ̀, kí wọ́n wá fi ìyókù pamọ́ de ọmọ. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, ojú wọn pupa, ikọ́ wọn ò lọ, tó o bá bi wọ́n wọ́n á ní èéfín ni. Púpọ̀ nínú àwọn tá a bá sọ̀rọ̀ ló ní ẹja inú ọ̀sà ò tó nǹkan mọ́, ẹja dídì ni àwọn ń lọ rà ní kóòdù-rúùmù táwọn ń yan tà. Dọ́kítà ní kí wọ́n máa yíjú kúrò lápá ibi tí èéfín ń fẹ́ sí, kí wọ́n má sì gbé ọmọ pọ̀n sídìí iná. Wọ́n dúpẹ́. Mo mọ̀ pé iná ṣì máa jó lọ́la torí òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Lẹ́yìn oògùn, ẹni tó bá fẹ́ àdúrà á lọ bá màmá kan nínú àwọn ará Yábàá. Màmá yẹn á gbàdúrà ní Yorùbá, èmi á máa sọ ọ́ ní Ògù tẹ̀lé e. Ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá ká tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ oògùn ni mo rò pé màá máa sọ. O ò sì lè dúró síwájú ẹni tó ń sunkún kó o máa sọ pé "ó ní kí Ọlọ́run wò ẹ́ sàn o." O gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀, o gbọ́dọ̀ pe Jiwheyẹwhe, bí a ṣe ń pe Ọlọ́run ní Ògù, bí ẹni tó ń pè é. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bómi lọ wá, ó gbá ọwọ́ mú, kì í ṣe ọwọ́ màmá aládùúrà, ọwọ́ tèmi ló gbá mú, torí ohùn tèmi ló ń gbọ́. Kò jẹ́ kí n lọ. Mo sọ àdúrà yẹn dé òpin.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò tètè sùn.

SÁTIDÉ

Òjò. Èèyàn ò pọ̀. A fún àwọn ọmọdé ní oògùn aràn, a kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré 6 ti ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kó má kún jù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ibi tí iléèwé tó léfòó wà tẹ́lẹ̀ hàn wá, èyí tí wọ́n kọ́ ní 2013 tí gbogbo ayé wá ń ya fọ́tò rẹ̀, tó sì wó lẹ́yìn òjò ńlá ní 2016. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n fi ọpẹ́ sọ ọ́.

SỌ́ŃDÈ

Mo jí bá aago ṣọ́ọ̀ṣì lórí omi. Tó o bá rí àwọn aláṣọ funfun nínú ọkọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè ní Makoko, ìyá, bàbá, ọmọ, gbogbo wọn nínú sùtánà tó mọ́ tóní, wọn ò wọ bàtà, omi dúdú nísàlẹ̀, aṣọ wọn ò sì ní àbàwọ́n kan. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá (Celestial) ni. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn, torí Àjàṣẹ́ ni ìjọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ní 1947, lọ́wọ́ Samuel Bilewu Oshoffa, káfíńtà ni. Nígbà tó máa wọ Nàìjíríà, kò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá wọlé. Àwọn apẹja Ògù ló gbé e sínú ọkọ̀ wọn wá sí Makoko, ní nǹkan bí 1950. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yẹn, ìlànà wa yàtọ̀, àmọ́ mo jókòó pẹ̀lú wọn, mo sì ń rò ó pé àwọn wọ̀nyí ti gba ìhìnrere láti ìlú mi kí wọ́n tó bí mi, orí omi kan náà ló gbà dé.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan pè wá wọlé. Ó ń yan ẹja, ó jẹ́ aládùúrà, àwọn èèyàn máa ń wá bá a láàárín òru. Ó na ọwọ́ sí òpó ilé rẹ̀. Lóṣù keje 2012 ìjọba Èkó fún wọn ní wákàtí 72, lẹ́yìn náà wọ́n wá wó ilé. Tiẹ̀ wà nínú èyí tó lọ. Ó ní inú ọkọ̀ làwọn sùn, òun àtàwọn ọmọ ọmọ òun, ẹja wà ní ìdí ọkọ̀, àwọn wà lókè. Mo bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní, "Mo dá àjọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó dá àjọ, nígbà tó kó o ó fi ra òpó, ó tún dá àjọ, ó fi ra pákó, ó tún ilé kọ́ síbi tí wọ́n ti wó o. Mo ní, Màmá, tí wọ́n bá tún wá ńkọ́? Ó wò mí. Ó ní níbo ni kóun máa yan ẹja sí títí wọ́n á fi dé?

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìrètí, mo sì fẹ́ràn àwọn ìwàásù yẹn. Àmọ́ ẹnu àwọn tí ilé wọn dúró ni mo ti ń gbọ́ ọ.

MỌ́ŃDÈ

Ọjọ́ yìí ni mo jókòó kọ èyí fún.

Ìyàwó kékeré kan wá, oyún oṣù mẹ́jọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá. Àdúrà ni wọ́n wá gbà. Orí ń fọ́ ọ láti bí ọjọ́ mélòó kan, kò lọ, ó sì ń rí nǹkan tó ń tàn pàràpàrà lójú. Ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wú, òrùka ò yọ ní ìka rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní Ògù, kí n tó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ara mi tutù, torí mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí, bó ṣe tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ nìyẹn, lẹ́nu àbúrò mi.

Nọ́ọ̀sì wo BP rẹ̀, 170/115. Ó wo apá kejì, kò yàtọ̀. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, purotéènì kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin aláboyún tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tí BP bá ti tó 140/90 kí dọ́kítà mọ̀ sí i, tó bá fi máa dé 160/110, kò sí pé ẹ máa dúró di ọ̀la mọ́, gìrì lè mú ìyá nígbàkigbà.

Ìyá ọkọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ wà lójú omi, kò tíì dé, owó ò sí, tí wọ́n bá dé ọsibítù wọ́n á la inú rẹ̀. Ó ní ká fi òróró pa á lórí. Mi ò bínú sí i rárá. Ohun tí màmá tèmi náà sọ nìyẹn, ìfẹ́ ló sì fi sọ ọ́.

Ìyá àgbà aládùúrà yẹn gbọ́ ariwo, ó wọlé. Kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ náà, ó gbàdúrà, kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ó ṣe àmín, ó yíjú sí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "A ti gbàdúrà o. Ọkọ̀ dà?" Ìyá ọkọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kó o dì í mú." Ó parí. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró, wọ́n ń kó owó ẹja jáde, alájọ wọn kó gbogbo èyí tó gbà láàárọ̀ yẹn lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láì tiẹ̀ kà á.

Gbogbo ọdún tó kọjá yẹn, ohun tó ń jẹ mí nínú ni pé a gbàdúrà, ó sì kú. Bí ẹni pé nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀, àdúrà àti ikú. Ìyá yìí ò ka ọkọ̀ sí nǹkan tó yàtọ̀ sí àdúrà. Kò rò pé gbígbé ọkọ̀ túmọ̀ sí pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ tó. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún mi mọ́ láyé mi pé ẹni tó ń wo BP ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré.

Dọ́kítà ti gún un ní magnesium sulphate sí ìdí ọ̀tún àti ti òsì, òun ni abẹ́rẹ́ tó ń dá irú gìrì yẹn dúró. A wọ ọkọ̀, nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ, ọmọkùnrin tó ń tu ọkọ̀, èmi. Màmá aládùúrà tó wá láti Yábàá ò ríbi jókòó, ó dúró lórí pákó. Bá a ṣe ń wọ àárín omi, ọmọ yẹn di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n gbàdúrà fóun. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí màá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Mo la ẹnu, mo pè é, Jiwheyẹwhe. Èyí tí mo sọ sókè ni pé kó jẹ́ ká dé etí omi, kí ọkọ̀ má há sáàárín àwọn ọkọ̀ tó wà lọ́nà, ká bá dọ́kítà nílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wà tí wọ́n bá nílò ẹ̀jẹ̀. Èyí tí mo sọ nínú mi ni pé ìwọ Ọlọ́run, inú ń bí mi sí ọ, o mọ̀ pé inú ń bí mi, má jẹ́ kí eléyìí lọ. Mo ń sọ méjèèjì pọ̀, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò dákẹ́ títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa yè o. Kí ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn ló padà wá, nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Mọ́tò àwọn ará Yábàá gbé wa gba orí bíríìjì lọ sí ọsibítù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀.

TÚSÌDEÈ

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un mọ́jú. Obìnrin ni ọmọ, 1.9 kg, wọ́n gbé e sínú àpótí tó ń mú ọmọ gbóná. Ìyá ṣì ń sùn, BP rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ tán, wọ́n ní ká má pọ̀ síbẹ̀. Mo fi ìyá ọkọ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo rìn lọ sí Marina.

Kàtídírà Marina, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ìrántí Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ìtàn bàbá yìí láti Sọ́ńdè Sìkúù, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ nínú àwa aláwọ̀ dúdú, 1864, odidi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Lọ́jọ́ yìí ìyá rẹ̀ ni mo ń rò, Àfàlá. Ogun kó ọmọ yẹn lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n ya òun àti ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀, ìgbà tí wọ́n máa tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ó ti di 1846. Ìyá yẹn ń jí láàárọ̀ ní gbogbo àárín ọdún wọ̀nyẹn, ó ń dáná, ó ń ṣiṣẹ́. Ní 1848 wọ́n ṣèrìbọmi fún un.

Ìyá púpọ̀ ló sì wà tí wọ́n kó ọmọ tiwọn nígbà ogun yẹn tí wọn ò rí i mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo mọ̀. Àbúrò mi ò ní padà wá bá mi ní Abẹ́òkúta kankan láyé yìí. Mi ò lọ sí Marina láti lọ gba àlàyé, Ọlọ́run ò sì fún mi ní àlàyé. Mo jókòó síwájú níbẹ̀, mo dárúkọ àbúrò mi fún Ọlọ́run, mo sọ ohun tó fẹ́ràn, mo sọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, mo sọ ọmọ rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ wa. Ó pẹ́ kí n tó dìde. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò dí mi lọ́wọ́, Ọlọ́run á bù kún un.

WẸ́SÌDEÈ

Ó jí! Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ọmọ, ó wá béèrè ògì. Ọkọ rẹ̀ ti dé láti ojú omi, ó bá wa lọ́sibítù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń gbé e dìde. Dọ́kítà ibẹ̀ ní BP ṣì lè gòkè lẹ́yìn ìbí, kí wọ́n má sáré mú un lọ sílé. Ọmọ ṣì wà nínú àpótí. Àdúrà wa ò tíì parí lórí méjèèjì, mo sì ń gbà á, èmi fúnra mi, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lọ́sàn-án a padà sí Makoko, a fi ẹ̀rọ BP kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà aládùúrà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin àti alájọ ni nọ́ọ̀sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó: kí aláboyún jókòó sinmi ná, kó gbé apá sórí tábìlì, kó má sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Mo kọ àwọn àmì náà ní Ògù sórí páálí funfun, orí fífọ́ tí ò lọ, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí iná, ojú àti ọwọ́ tó wú, inú tó ń dunni lókè lábẹ́ egungun ìhà. A kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba àdúrà. Àwọn ará Yábàá máa ń wá wò wọ́n déédéé.

TỌ́SÌDEÈ

A wà lọ́nà ilé, Àgbára la wà báyìí, go-slow. Mo ti bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn Yorùbá àti lẹ́yìn ti Ògù, tábìlì BP máa wà ní họ́ọ̀lù wa ní Àjàṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan nínú kúáyà wa ló máa jókòó tì í, èmi náà á wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Aláboyún tó bá wà nítòsí, ìjọ yòówù kó máa lọ, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, kó wá, ẹni tó bá sì fẹ́ àdúrà lẹ́yìn rẹ̀, màá gbà á fún un.